Fáàfù Apá Òsì: Ohun tí Afẹ́fẹ́ Inú Aṣọ Fi Ojú Mi Rí Lábẹ́ Omi

Omi díẹ̀ ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìgbà kẹfà tí mo máa mòòkùn nínú dry suit, aṣọ ìmòòkùn tí omi kì í wọ̀, ni. Mo jáde, mo tú síìpù, mo bọ́ aṣọ, mo sì rí i pé àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi tutù láti èjìká òsì títí dé ìgbọ̀nwọ́. Omi náà kò lè ju ife kan lọ, ṣùgbọ́n nínú adágún tí omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ dígírì 6, ife omi kan lápá ti tó láti mú kí eyín èèyàn máa gbá ara wọn. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti dá ẹjọ́ náà fúnra mi: fáàfù tó ń tú afẹ́fẹ́ jáde, èyí tó wà lápá òsì yẹn gan-an, ni omi ń gbà wọlé. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mo máa dè é pa. Nígbà tí a padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí n tó fẹsẹ̀ kan omi, mo yí i sí ọwọ́ ọ̀tún, ó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, títí kò fi yí mọ́. Lẹ́yìn náà mo gbàgbé pé mo fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò tíì wọ irú aṣọ yìí rí. Wetsuit tí ọ̀pọ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀ máa ń gba omi sínú, ara èèyàn á sì mú omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Dry suit ò gba omi rárá. Róbà fífẹ́lẹ́ ló fún ọrùn àti ọrùn-ọwọ́ méjèèjì pinpin, bàtà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, síìpù rẹ̀ sì nípọn débi pé omi ò rí ojú rẹ̀ gbà. Abẹ́ rẹ̀ la ti ń wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ òtútù. Aṣọ òkè yẹn kọ́ ló ń mú ara gbóná o. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín òwú àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni. Omi ń fa ooru kúrò lára èèyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fà á lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni ibùsùn wa, òun náà ni kúbùsù.

Fáàfù méjì ló wà lára aṣọ náà. Èyí tó wà láyà ní họ́ọ̀sì tó ti ara sìlíńdà wá, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ á wọlé. Èyí tó wà lókè apá òsì ló ń tú u jáde. Yíyí ni wọ́n ń yí i: sí òsì, ó ṣí, sí ọ̀tún, ó tì. Tó bá ṣí, tó sì jẹ́ òun ló ga jù lára aṣọ, afẹ́fẹ́ tó bá pọ̀ jù á gbabẹ̀ jáde fúnra rẹ̀.

Ìdí tí a fi nílò méjèèjì ni pé afẹ́fẹ́ kì í dúró lójú kan nísàlẹ̀ omi. Lójú omi, ìfúnpá jẹ́ bar 1. Ní mítà 10 ó di 2, ní mítà 20 ó di 3, ní mítà 30 ó di 4. Afẹ́fẹ́ tó jẹ́ lítà 6 lójú omi á súnkì di lítà 3 péré ní mítà 10. Tí a bá ń gòkè, yóò tún máa wú padà. Ẹ wo bó ṣe rí dáadáa: mítà mẹ́wàá àkọ́kọ́ nìkan ló ń sọ afẹ́fẹ́ di ìdajì. Láti mítà 20 lọ sí 30, kò súnkì ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Èmi rò tẹ́lẹ̀ pé ibi tó jìn ni ewu wà. Nínú dry suit, ibi tí omi ò jìn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé tí ọkàn èèyàn ti ń balẹ̀, níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń sáré jù.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n fi afẹ́fẹ́ kún un. Mo rì dé mítà 9 láìtẹ bọ́tìnnì àyà rárá. Aṣọ náà lẹ̀ mọ́ mi lára bí awọ ìlù. Níbi tó ti ká jọ, ní itan àti lábíyá, ó ń já mi jẹ bí alákàn. N kò lè na apá dé ibi tí mo fẹ́, òtútù sì mú mi ju bó ṣe yẹ lọ, torí pé omi ti tẹ òwú àwọ̀tẹ́lẹ̀ pẹlẹbẹ, kò ku àyè fún afẹ́fẹ́. Nígbà tí mo bọ́ ọ, ilà wú lára mi bí ti ẹni tí wọ́n fi pàṣán nà. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi wò ó, ó ní, "Ṣé o rí i, aṣọ ti bá ẹ sọ̀rọ̀, o ò dá a lóhùn."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bọ́ sí òdìkejì. Mò ń tẹ bọ́tìnnì ní gbogbo ìgbà, mò ń fẹ́ kí ara mi fúyẹ́, kó gbóná. Nígbà tí aṣọ wá ń wú jù tí n kò lè rì mọ́, mo fi òjé kún ìgbànú mi. Kílò 4 ni mo fi kún un. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n ṣe é, mo kàn rí i pé ó ń jẹ́ kí n tètè rì. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé òjé tó bá pọ̀ jù ń bèèrè afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù láti gbé e. Lítà afẹ́fẹ́ kan ń gbé nǹkan bíi kílò kan. Kílò 4 tó lé yẹn, lítà 4 ni mo ní láti fi dáhùn rẹ̀ ní mítà 20. Lítà 4 yẹn náà á di 6 ní mítà 10, á di 8 ní mítà 5, á sì di 12 lójú omi. Òjé mi ò yí padà ní gbogbo àkókò yẹn, kílò 4 náà ló ṣì jẹ́.

Báyìí ni mo ṣe wọ omi nígbà keje: òjé pọ̀, afẹ́fẹ́ pọ̀, fáàfù apá òsì sì wà ní títì gbọnyin.

Mítà 21 la dé. Gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa. Nígbà tí àkókò tó, mo na àtàǹpàkò sókè sí ọ̀gá mi pé ká máa gòkè, òun náà dá mi lóhùn. Mo tú afẹ́fẹ́ inú jákẹ́ẹ̀tì mi, èyí tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí láti fi léfòó, dànù bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Nígbà tí a dé bíi mítà 14, mo kíyè sí i pé n kò ta ẹsẹ̀ mọ́, síbẹ̀ mò ń lọ sókè. Mo gbé apá òsì sókè. Lójoojúmọ́, tí mo bá ti gbé e báyìí, afẹ́fẹ́ á máa hó jáde pùtùpùtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Lọ́jọ́ yẹn, kẹ́kẹ́ pa. Mo gbé apá náà sí i, mo na ọwọ́ tán, kẹ́kẹ́ ṣì pa. Kọ̀ǹpútà ọrùn-ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé eré mi ti pọ̀ jù.

Ìgbà yẹn ni mo ṣe àṣìṣe tó burú jù. Mo dorí kodò, mo fẹ́ wẹ̀ padà sísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ò mọ orí, kò mọ ẹsẹ̀, ibi tó bá ga jù ló ń lọ. Bí orí mi ṣe kọ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ mi di òkè, gbogbo afẹ́fẹ́ inú aṣọ sì sáré lọ síbẹ̀. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń gba ikùn kọjá sí itan, tó ń gba orúnkún kọjá. Bàtà aṣọ náà wú bí bọ́ọ̀lù. Gìgísẹ̀ mi yọ nínú rẹ̀, fíìnì ẹsẹ̀ ọ̀tún, lẹbẹ tí a fi ń wẹ̀, sì bọ́ lọ. Mo ń ta ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mò ń tì. Ẹsẹ̀ ni mo fi gòkè, orí nísàlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n so okùn mọ́ lọ́rùn-ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fà.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ṣe tó dára. Mi ò di èémí mi mú. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró náà ń wú bíi ti inú aṣọ, ẹni tó bá sì dì í mú lásìkò yẹn lè ya ẹ̀dọ̀fóró ara rẹ̀. Mo ń ké "àááá" sínú regulator, ohun tó wà lẹ́nu mi tí mo fi ń mí, láti ìgbà tí mo ti dorí kodò títí ẹsẹ̀ mi fi yọ lójú omi.

Ọ̀gá mi ò sáré tẹ̀ lé mi. Ó wo ibi tí mo gbà, ó sì gòkè ní eré tó yẹ, nítorí tó bá sáré, á di ẹni méjì tó lè farapa. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn náà fún mi, kò sì sọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tó yọ, ó dá mi padà sí ipò, ó fà mí dé etí omi, ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó sì fi ọ́síjìn sí mi lẹ́nu. Ó ń bi mí léraléra bóyá oríkèé kankan ń dùn mí, bóyá ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ń kú tipiri, bóyá àyà ń ro mí. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò sí. Síbẹ̀ kò jẹ́ kí n padà sínú omi lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì.

Ìrọ̀lẹ́ ló tó gbé aṣọ náà. Ó fọwọ́ kan fáàfù, ó dákẹ́. "Ta ló dè é?"

"Èmi ni, ọ̀gá. Omi ń gbabẹ̀ wọlé lánàá."

Kò bá mi jà. Ó tú fáàfù náà kúrò lára aṣọ, ó gbé e sábẹ́ iná, ó fi ẹnu àbẹ́rẹ́ fa nǹkan kan jáde lábẹ́ róbà pẹlẹbẹ tó ń dí ojú rẹ̀. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Òwú kan ni, ó ti ara àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi jáde, kò gùn ju èékánná lọ. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ róbà yẹn, kò jẹ́ kó padé dáadáa, omi sì ń tọ òwú náà wọlé kíkán-kíkán. Àwọn àgbà ní ibi tí a ṣubú sí kọ́ là ń wò, ibi tí a ti yọ̀ ni. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń ro bí mo ṣe dorí kodò ní mítà mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Ọ̀gá mi ń wo òwú.

Láti ìgbà náà, omi tó bá wọ aṣọ mi, mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè ibi tó tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ òkè apá nìkan, mo máa tú fáàfù wò, mo máa fi omi tó mọ́ ṣàn án, mo máa wá òwú tàbí irun. Tó bá jẹ́ láti ọrùn-ọwọ́ sókè, róbà ọwọ́ ni, ó sì lè jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe é: tí mo bá di ẹ̀ṣẹ́ tàbí tí mo di nǹkan mú pinpin, iṣan ọrùn-ọwọ́ á ta yọ, omi á rí ojú ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ọ̀rinrin náà bá sì kárí ara, òógùn ara mi ni, torí pé aṣọ tí omi ò lè wọ̀, òógùn náà ò lè jáde níbẹ̀. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tí dídè fáàfù ń wò sàn.

Ibi tí mo ń fi fáàfù náà sí báyìí rọrùn. Mo ń ṣí i tán pátápátá kí n tó wọ omi. Nígbà tí omi bá dé mi lọ́rùn, mo máa lóṣòó sínú rẹ̀, mo máa fi ìka kan fa róbà ọrùn díẹ̀, omi á ti afẹ́fẹ́ jáde, aṣọ á rọra gbá mi mọ́ra. Bí mo ṣe ń rì lọ, nígbà tí mo bá ti ń gbọ́ ìfúnmọ́ra yẹn ní itan, mo máa tẹ bọ́tìnnì àyà fẹ́ẹ́rẹ́, bíi pé èèyàn ń kan ilẹ̀kùn, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, mo máa dúró gbọ́ bó ṣe rí kí n tó tún tẹ̀ ẹ́. Títẹ̀ gbọọrọ ò dára. Afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde láti inú ìfúnpá ńlá máa ń tutù gan-an, nínú omi òtútù ó lè sọ inú fáàfù náà di yìnyín, kó wá ṣí sílẹ̀ kó má tì mọ́.

Nísàlẹ̀, tí mo bá dùbúlẹ̀ gbọọrọ tí mo rí i pé afẹ́fẹ́ ń jò lọ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, mo lè yí fáàfù apá sí ọ̀tún, kẹ́ méjì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́ méjì yẹn, gbèsè ni. Mo máa san án padà kí n tó na àtàǹpàkò sí ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ọ̀tún á kọ́kọ́ lọ síbi fáàfù, á yí i sí òsì títí á fi dúró, lẹ́yìn náà ni ìka á tó na sókè.

Ṣùgbọ́n ṣíṣí nìkan ò tó, èyí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò kì í sọ. Fáàfù tó ṣí tí kò ga, bíi títì ló rí. Èmi ń na gbogbo ọwọ́ sókè tẹ́lẹ̀, bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè. Afẹ́fẹ́ á kọjá lára fáàfù, á lọ jókòó sí ọrùn-ọwọ́, nítorí ibẹ̀ ló ga jù. Ìgbọ̀nwọ́ ló yẹ kó lọ sókè, kí ọwọ́ rọ̀ sísàlẹ̀, kí èjìká ọ̀tún rẹlẹ̀ díẹ̀. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó nípọn náà lè lẹ̀ mọ́ ojú fáàfù láti inú, kó dí i. Tí mo bá gbé ìgbọ̀nwọ́ tí n kò gbọ́ nǹkan kan, mo máa mi apá náà díẹ̀. Fáàfù náà kì í sì tú gbogbo afẹ́fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà mi ò dúró kí ara mi kọ́kọ́ fúyẹ́. Láti mítà mélòó kan sí mítà mélòó kan, mo ń gbé ìgbọ̀nwọ́, mo ń gbọ́ ọ kó hó, mo ń sinmi.

Ní ti òjé, a tún gbogbo ẹ̀ wọ̀n. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, nígbà tí afẹ́fẹ́ sìlíńdà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Afẹ́fẹ́ náà ní ìwọ̀n: nínú sìlíńdà lítà 12, tí èèyàn bá lo bar 150, ohun tó ti mí jáde lé ní kílò 2. Ní bar 50, ní mítà 5, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tó ṣófo, fáàfù tó ṣí tán, àti aṣọ tí kò ní ju afẹ́fẹ́ tó jẹ́ kí ara dẹ̀ lọ, mo gbọ́dọ̀ lè dúró lójú kan. Èmi wọ̀n ọ́n, a yọ kílò kan, a yọ òmíràn, títí kílò 4 mi fi kúrò pátá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rì láìsí wọn, ó dà bíi pé wọ́n pààrọ̀ aṣọ fún mi. Afẹ́fẹ́ tí mo nílò nísàlẹ̀ kéré débi pé n kò gbọ́ ọ kó máa sá kiri inú aṣọ mọ́.

Àwọn olùkọ́ kan ní dry suit nìkan ni kí èèyàn máa fi léfòó nísàlẹ̀, kí jákẹ́ẹ̀tì wà fún ojú omi. Àwọn mìíràn ní jákẹ́ẹ̀tì ló wà fún líléfòó, afẹ́fẹ́ aṣọ wà fún ìtura ara nìkan. Ìpín kejì ni mo wà. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé tí òjé bá wà ní ìwọ̀n, àríyànjiyàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó mú aṣọ dẹ̀ lára ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti gbé èèyàn.

Dídorí kodò náà, ọ̀gá mi mú mi lọ sínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ fún un. Ó ní kí n fi afẹ́fẹ́ sí ẹsẹ̀ mi fúnra mi. Ohun tó yẹ ni kí èèyàn ká orúnkún mọ́ àyà lẹ́ẹ̀kan náà, kó ká ara jọ bí ìgbín, kó yí gbirigbiri títí orí á fi wà lókè, kó sì gbé ìgbọ̀nwọ́ ní kíákíá. Ìgbà àkọ́kọ́ àti ìkejì, mi ò lè ṣe é. Nígbà tó di ìgbà kẹwàá, ara mi ń ṣe é kí ọkàn mi tó rò ó.

Ìgbà kan ṣoṣo ni fáàfù àyà ti bá mi ṣe tirẹ̀. Mítà 15 ni, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, bọ́tìnnì ò padà. Ó ń sín "sìììì" lábẹ́ àgbọ̀n mi. Ìyanrìn ló há síbẹ̀, nítorí pé mi ò fi omi ṣàn án dáadáa lẹ́yìn ìgbà tó ṣáájú. Mo fa ẹnu họ́ọ̀sì sẹ́yìn, ó já kúrò, ariwo náà dá. Ohun tó jẹ́ kó rọrùn ni pé mo ti ń já họ́ọ̀sì yẹn pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ nípọn ní etí omi nígbà gbogbo, lójú títì. Mo gbé ìgbọ̀nwọ́, èyí tó pọ̀ jù jáde, mo fi jákẹ́ẹ̀tì gòkè, mo dúró ìṣẹ́jú 3 ní mítà 5, mo jáde ní gbígbẹ. Ká ní fáàfù apá náà ò lè tú u jáde tó ni, ọ̀nà tó ṣẹ́kù ni kí n fi ìka ṣí róbà ọrùn tàbí ti ọwọ́. Omi á wọlé, òtútù á mú mi, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ á jáde.

Ní báyìí, lójú omi, kí a tó rì, mo máa ń na apá òsì mi sí ẹni tí a jọ ń lọ. Òun ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí fáàfù mi sí òsì títí kò fi yí mọ́, á ka kẹ́ kọ̀ọ̀kan sókè kí èmi náà gbọ́. Èmi á yí tirẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó fi ìka fa róbà ọrùn, afẹ́fẹ́ á sín lọ, a ó sì máa rì.